Ìgò Mẹ́fà fún Ẹ̀jẹ̀ Sìkírá

Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, irun orí rẹ̀ á ti funfun. Tèmi ṣì dúdú. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ tí mo lè pè ní iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ti parí, mi ò sì ní padà sí i, nítorí náà mo rò pé mo lè sọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ tiwọn. Ẹ̀yin àbúrò mi ní àdúgbò Bilbalogo ní Wagadúgù lẹ ń bi mí bóyá kí ẹ lọ kọ́ṣẹ́ láàbù. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìwé mi mọ, ẹ fojú fo ibi tí kò bá tò. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò tíì tò nínú mi.

Gánà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí wọ́n ní kí àlejò máa lọ, ìyá mi gbé mi wá sí Wagadúgù, ó sì ń ta ọjà ní ọjà ńlá: ìpara, ọṣẹ, lọ́fíńdà, àti hóró ara kíkún tí àwọn èèyàn wa ń kó wá láti Nàìjíríà. Hóró kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ilà kan sì là á láàárín. Inú agolo ńlá la ti ń kà á sínú bébà fún oníbàárà. Obìnrin tó bá fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun yọ, kí ara òun kún kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, òun ló ń rà á. Láàárín wa, kò sí ẹni tó ń pè é ní oògùn. Ẹ̀gbẹ́ ìpara ló máa ń wà lórí àtẹ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ oògùn ibà.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Ọdún tí àwọn ọ̀dọ́ ológun gba ìjọba, tí gbogbo ìlú ń pariwo Ìyípadà, ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tí yóò máa fọ gíláàsì. Mo gbọ́ Mooré, mo gbọ́ Diúlà, mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Wọ́n mú mi.

Ọ̀gá mi ni Músíyé Tiga, ọkùnrin Mọ̀sí kan tó ga, tó gbẹ, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà òyìnbó. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí ni mo ń fọ̀. Bí mo bá fọ ọgọ́rùn-ún, á mú ọ̀kan, á gbé e sókè sí fèrèsé.

“Kí lo rí?”

“Mi ò rí nǹkan kan, Músíyé.”

“Èmi rí ìka ọwọ́ rẹ. Ṣé ìka rẹ ló ń ṣàìsàn ni?”

Á sì da gbogbo ọgọ́rùn-ún náà padà sínú omi ọṣẹ.

Míkírósíkọ́ọ̀pù wa nígbà náà kò ní iná. Dígí kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba oòrùn láti ojú fèrèsé. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, iṣẹ́ dúró. Músíyé Tiga á fi gíláàsì kan síbẹ̀, á ní kí n wò ó láti àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán, kí n wá ya ohun tí mo rí sórí bébà. Lọ́jọ́ kejì, gíláàsì yẹn náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, òun náà ni. Mo rò pé ó ń fìyà jẹ mí ni, àfi ọjọ́ tí mo rí ohun tí mi ò rí lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ẹnu la fi ń fa aró tí a fi ń kun ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì. Lọ́jọ́ kan mo fà á jù. Ètè mi dúdú fún odidi ọjọ́ méjì, Músíyé Tiga sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, “Ẹ má bá a wí. Kọfí ilé ìwòsàn ni kò dùn mọ́ ọn lẹ́nu.” Nígbà tí wọ́n kó bọ́ọ̀lù rọ́bà wá láti òkè òkun pé òun ni ká máa fi fa aró, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí iná míkírósíkọ́ọ̀pù dé, ó lò ó, ṣùgbọ́n ó fi dígí àtijọ́ sínú àpò.

Ọdún kejì ni Dókítà dé láti Faransé. Ọmọ ìlú ni, ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó máa ń wọ aṣọ òfì ìlú bí ìjọba ṣe pa á láṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún un lọ́rùn. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé: inú ẹ̀jẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ ogun ara. Nínú àìsàn yìí, àwọn kan lára wọn á ya wèrè. Wọn kò ní dàgbà, wọn kò ní jà, wọ́n á kàn máa bí sí i títí wọ́n á fi gba gbogbo ilé. Mo rí wọn lábẹ́ míkírósíkọ́ọ̀pù. Wọ́n tóbi, inú wọn dúdú, gbogbo wọn jọra.

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ní kọmitẹ́ Ìyípadà nígbà náà, ìpàdé sì pọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló jẹ́ alága tiwa. Lọ́jọ́ kan ó pe Dókítà síwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Kámárádì Dókítà, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ máa kó ẹ̀jẹ̀ burúkú pamọ́ sínú fìríìjì ará ìlú. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ ogun ni,” Dókítà dáhùn. “Sẹ́ẹ̀lì tó ya wèrè ní àmì kan lára, àǹtíjẹ́nì la ń pè é. Àwọn ọmọ ogun ara kì í kọbi ara sí i torí wọ́n rò pé ọmọ ilé ni. Màá gba sẹ́ẹ̀lì náà lára aláìsàn, màá pa á, màá fọ̀ ọ́, màá gún un padà sábẹ́ awọ ẹni tó ni ín. Màá fi abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tí à ń gún fún ọmọdé kún un, kí ariwo lè pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun á sáré wá wò ó, wọ́n á mọ àmì yẹn. Bí wọ́n bá tún wá rí i lára èyí tó wà láàyè, wọ́n á kọlù ú.”

“Ṣé wọ́n ti ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“A jẹ́ pé òṣìṣẹ́ bírò ni wọ́n.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù dìde. “Ṣé ó ti wo ẹnì kan sàn rí?”

“Wọ́n ti dán an wò lókè òkun. Ó jọ pé ó ran àwọn kan lọ́wọ́. Ó jọ pé kò ran àwọn mìíràn. Mi ò ní parọ́ fún yín.”

“Ó jọ pé” yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí a ṣe jáde, mo bi Músíyé Tiga pé bó bá jẹ́ ọmọ ogun ló ya wèrè, báwo ni ọmọ ogun ṣe máa mọ ọmọ ogun? Ó wò mí títí. Ó ní, “Èmi náà ń rò ó. Lọ fọ gíláàsì.”

Sìkírá ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò Samandin ni wọ́n ń gbé, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi ló jọ ti Gánà dé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ti lẹ́ni tó fẹ́ ẹ ní ìlú Bobo. Èrìgì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, ó wá di pé kò lè gun àtẹ̀gùn. Èmi ni mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì.

Kí Dókítà tó fún un ní oògùn kankan, a gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, a gbé e kalẹ̀ kí pupa lè sọ̀kalẹ̀ kúrò lára funfun. Mo fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀jẹ̀ títí apá mi fi ń gbọ̀n. Músíyé Tiga fi fọmọ́ọ̀lù pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n nígbà mẹ́ta, ó kà wọ́n. Ìgò kéékèèké mẹ́fà ló jáde. Ìkeje kò lè sí, torí lẹ́yìn náà Dókítà fi omi oògùn àti hóró funfun wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì mọ́. Mo wá wèrè kan ṣoṣo lórí gíláàsì, mi ò rí i.

Dókítà ní wọ́n máa padà bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ́ ilé. Ó dá gbogbo oògùn dúró. Èmi ni mo bá a sọ ọ́ ní Yorùbá fún Sìkírá àti ìyá rẹ̀: kò gbọdọ̀ lo oògùn kankan, ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, láìjẹ́ pé Dókítà gbọ́. Wọ́n sì pa á mọ́. Nígbà tí orí ń fọ́ ọ, kò lo asipirín. Ìyá rẹ̀ da àgbo odidi ìkòkò kan nù.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ìgò kan. Èyí àkọ́kọ́ mú apá rẹ̀ wú bí ẹ̀pà. Èkejì mú un wú bí ẹyin ẹyẹ, kókó sì yọ lábẹ́ abíyá rẹ̀. Dókítà fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ti dé,” ló ń sọ. “Barka, ẹ ṣeun, Tiga. Àwọn ọmọ ogun ti dé.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Sìkírá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

“Ẹ̀gbọ́n Ràfíù, ẹ wo ọrùn mi. Mo ti dà bí igi ìfọyín.”

“Máa jẹun. Ara á kún.”

“Ìgbà wo? Kò tó oṣù méjì mọ́ tí àwọn ará Bobo máa wá wò mí. Ìyá ẹni tó fẹ́ mi ti ń sọ kiri pé òkùnrùn ni wọ́n fẹ́ gbé fún ọmọ òun. Ẹ bá mi mú hóró ara kíkún wá lọ́dọ̀ Ìyá yín.”

Mo mú un wá. Ẹ má bi mí bóyá mo rántí ohun tí Dókítà sọ. Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Oògùn ló ní kò gbọdọ̀ lò, mi ò sì ronú oògùn. Bí ẹni ní kí n bá òun ra ìpara ni. Hóró méjì láràárọ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ó ń jẹun bí ẹni tó ti rìnrìn àjò dé. Dókítà rí i, ó fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ọwọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ dára. A gún ìgò kẹta. Apá kò wú. A gún ìkẹrin. Apá tẹ́jú bí ẹni pé omi lásán la gún síbẹ̀.

Dókítà wá sí láàbù, ó jókòó sórí àga mi. “Tiga, ṣé ẹ fọ fọmọ́ọ̀lù kúrò dáadáa?”

“Ìgbà mẹ́ta, Dókítà.”

“Ṣé òtútù fìríìjì kò yìngìn?”

Ọ̀gá mi, tí kì í gbójú fo ìka ọwọ́ lára gíláàsì, wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Bóyá èmi ni. Mo ti ń darúgbó, kò jọ pé ọwọ́ mi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.”

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìgò kẹrin, wọ́n rán mi lọ gba ọtí tí a fi ń nu ara ní ilé oògùn ilé ìwòsàn. Hóró kan wà lórí tábìlì níbẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, ilà láàárín. Mo bi ẹni tó ń kà á pé kí ló wà fún.

“Irú kọ́tísóònù ni. Ó wà fún ikọ́ efée, fún oríkèé tó wú. Ó ń dẹ́kun ara kó má jà.”

“Ṣé ó lè mú wíwú lọ sílẹ̀?”

“Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó tún ń mú ojú kún. Kí ló dé?”

Mo ní kò sí. Samandin ni mo gbà lọ tààrà, mo gbàgbé ọtí náà síbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sìkírá lẹ́yìn ilé wọn, níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ó ka ọjọ́ lórí ìka.

“Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n dé. Bí mo bá dáwọ́ dúró báyìí, ojú mi á ti wọlé.”

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí a gún ìgò karùn-ún. Á ṣòfò.”

“Ìgò kan ni, Ẹ̀gbọ́n. Ìkẹfà á ṣì kù. Bí àwọn èèyàn yìí bá padà lẹ́yìn mi, ta ló tún máa fẹ́ mi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ná. Bí wọ́n bá lọ tán, kí ẹ sọ ọ́ fún Dókítà.”

Mo ní kò burú.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí, ẹ̀yin àbúrò mi. Nígbà tí mo mú hóró náà wá, mi ò mọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìgò karùn-ún pé, mo mọ̀. Mo mú un jáde láti inú yìnyín, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ bí Músíyé Tiga ṣe kọ́ mi, mo gbé e fún Dókítà. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Sìkírá kò wò mí, èmi náà kò wò ó. Apá rẹ̀ kò wú.

Àwọn ará Bobo dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìyá ọkọ mú un lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, “Ta ló sọ fún mi pé ọmọ yìí ń ṣàìsàn?” Sìkírá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Músíyé Tiga. Kò bínú bí mo ṣe rò. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. “Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń fọ ọwọ́ mi,” ló sọ. “Lọ sọ fún un. Báyìí.”

Dókítà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó bi mí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí ní iye hóró. Ó ṣí ìwé káyè tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sí.

“Ojú rẹ̀ sọ fún mi,” ló ní. “Ojú tó rí bẹ́ẹ̀, mo ti rí ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Mo ń yin ọbẹ̀.” Ó ti káyè náà sí ọ̀dọ̀ mi. “Kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ. Ọjọ́, iye, àti ọjọ́ tí o mọ̀.”

Faransé mi kò tó, ó ń bá mi pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, létà kan tẹ̀lé òmíràn.

Ó ní kí Sìkírá rọra dín hóró náà kù títí tó fi máa dá. A dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, a gún ìgò kẹfà. Apá rẹ̀ wú bí hóró ọkà bàbà. Dókítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Nǹkan díẹ̀ ni.” Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé Sìkírá lọ sílé ọkọ. Ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, nígbà òjò, ó padà wá kí ìyá rẹ̀, ó ní ó rẹ òun. Èmi ni mo tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó, mo yí gíláàsì, mo tún wò ó. Wọ́n tóbi, inú wọn dúdú, gbogbo wọn jọra. Mo pe Músíyé Tiga, ó wò ó, ó sì fọwọ́ lé èjìká mi, ohun tí kò ṣe rí. Kò pé oṣù méjì tí Sìkírá fi kú.

Mo bi Dókítà bóyá èmi ni mo pa á.

“Mi ò mọ̀,” ló dáhùn. “Ìbátan hóró yẹn wà lára ohun tí mo fi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o sọ ìgò mẹ́ta dòfo. Ó lè jẹ́ pé o fi oṣù mẹ́ta kún ọjọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá ràn án lọ́wọ́ bí o kò bá ṣe nǹkan kan. Bí o bá ti sọ fún mi kí a tó gún ìkarùn-ún, ì bá jẹ́ ìgò méjì la ní láti fi wádìí.”

Àwọn aláìsàn méjì ń dúró de ìgò tiwọn. Dókítà kò ṣe é fún wọn. Ó ní òun kò lè gún èèyàn ní ohun tí òun kò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń rò ó pé bóyá ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà lásán, bóyá èmi ni mo gba ìyè lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba tún yí padà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, Dókítà lọ. Músíyé Tiga fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n dúró, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ lọ kọ́ ọ. Ó dára. Ẹ wá ọ̀gá tó le. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ fún yín.

Lọ́dún tó kọjá mo pinnu láti lọ sọ òtítọ́ fún ìyá Sìkírá. Ó bu oúnjẹ fún mi, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ní, “Ìyá, èmi ni mo ń mú hóró ara kíkún wá fún un nígbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ràfíù, ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Nígbà tí o kò mú un wá mọ́, tó ń sunkún pé ojú òun ń wọlé, ta lo rò pé ó ń lọ rà á lọ́wọ́ ìyá rẹ? Èmi ni mo ń fi sínú ẹ̀kọ rẹ̀ títí tó fi lọ sílé ọkọ.” Ó fi etí ìró nu ojú. “Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú nìyẹn. Ọmọ mi kò lọ sílé ọkọ bí òkùnrùn. Ó kún. Gbogbo èèyàn ló rí i.”

Ọ̀rọ̀ tó kù, pé ó lè jẹ́ hóró yẹn ló sọ ìgò rẹ̀ dòfo, ti wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú rẹ̀.

Mo ní, “Òótọ́ ni, Ìyá. Ó kún dáadáa.” Mo sì fa abọ́ oúnjẹ náà mọ́ra, mo jẹ ẹ́ tán.